Àwọn ẹnjiníà tó bá àdúgbò wa yẹ ìwé tíráfíìkì ilé ńlá wò: bí iṣẹ́ wọn ṣe rí lójú tèmi

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ibi tí mo fì sí o. Tó bá di ọ̀la tí wọ́n ní ká tún wá ẹni tó máa bá wa yẹ irú ìwé yìí wò, àwọn kan náà ni màá ní ká pè, àmọ́ àwọn nǹkan kan wà tí màá ní kí wọ́n kọ sínú àdéhùn ká tó tọwọ́ bọ̀wé. Iṣẹ́ wọn kún, ó jinlẹ̀, owó tí àdúgbò dá ò ṣòfò. Mi ò ní dárúkọ wọn, mi ò sì ní dárúkọ àwọn tó fẹ́ kọ́lé, ohun tí wọ́n ṣe ni mo fẹ́ kí ẹ mọ̀, torí ọ̀pọ̀ àdúgbò ló wà níbi tí a wà yìí, tí wọ́n gbé ìwé gbàǹgbà sí níwájú, tí wọn ò mọ ibi tí wọ́n ti máa bẹ̀rẹ̀ sí í kà á.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe jẹ́ nìyí. Wọ́n fẹ́ kọ́ ilé ńlá kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì wa, fúláàtì lókè, ṣọ́ọ̀bù nísàlẹ̀, ọ́fíìsì lápá kan, òtẹ́ẹ̀lì lápá kejì, gbogbo ẹ̀ nínú ọgbà kan ṣoṣo. Àwọn tó fẹ́ kọ́lé ti gba ẹnjiníà tiwọn, ìyẹn sì ti kọ rípọ́ọ̀tù pé wàhálà tí ilé náà máa kó bá ìrìn ọkọ̀ ò tó nǹkan. Rípọ́ọ̀tù yẹn nípọn, tábìlì lọ́tùn-ún, tábìlì lósì, nọ́ńbà ń lé ara wọn, ẹni tí kì í bá ṣe oníṣẹ́ náà á kàn ka ojú ewé àkọ́kọ́ tí wọ́n kó èsì jọ sí ni, á sì pa á dé. Iṣẹ́ tí a gbé fún àwọn tiwa ni kí wọ́n ka ìwé náà látòkè délẹ̀, kí wọ́n tún ìṣirò ẹ̀ ṣe, kí wọ́n wá sọ fún wa ibi tó dúró àti ibi tó ti yẹ̀.

Ohun tó kọ́kọ́ wù mí lára wọn ni pé wọn ò tiẹ̀ ṣí ojú ewé èsì. Ọ̀gá wọn sọ fún wa ní mítìn àkọ́kọ́ pé kọ̀ǹpútà kì í ṣi ìṣirò ṣe, ohun tí wọ́n bá kó fún un ló máa bá ṣiṣẹ́, nítorí náà ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá èsì ṣe é gbára lé, ibi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ni kó lọ yẹ̀ wò, ọjọ́ wo ni wọ́n ka ọkọ̀, ibo ni wọ́n dúró kà á, ọkọ̀ mélòó ni wọ́n ti yọ kúrò kí ìṣirò tó bẹ̀rẹ̀. Bí iṣẹ́ náà ṣe ń lọ ni mo ń rí i pé òótọ́ pọ́ńbélé ni. Kò síbi kankan nínú rípọ́ọ̀tù yẹn tí a ti rí irọ́ o, gbogbo ibi tí a ti bá wọn jiyàn, ìpìlẹ̀ ló wà.

Kíka ọkọ̀ ni iṣẹ́ wọn ti dáa jù. Bí wọ́n ṣe máa ń ṣe é ni pé wọ́n á kà á lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, Ọjọ́rú tàbí Ọjọ́bọ̀, nígbà tí iléèwé ń lọ lọ́wọ́, tí kò sí họlidé, láàárín aago méje sí mẹ́sàn-án àárọ̀ àti aago mẹ́rin sí mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, wọ́n á pín in sí ìṣẹ́jú 15 ìṣẹ́jú 15, wọ́n á wá mú wákàtí kan tó kún jù nínú ẹ̀. Àwọn tó fẹ́ kọ́lé tẹ̀ lé gbogbo ìyẹn. Ibi tí wọ́n gbé kámẹ́rà sí ló fa ọ̀rọ̀. Ojú ìlà tí ọkọ̀ ti ń dúró de iná ni wọ́n gbé e sí, iye ọkọ̀ tó ń kọjá ìlà yẹn ni wọ́n ń kà. Ó dáa, tí títì bá ń lọ geere kò sí wàhálà, iye tó kọjá náà ni iye tó wá. Àmọ́ tí súnkẹrẹ fàkẹrẹ bá ti wà níbẹ̀, àwọn tó ráyè kọjá nìkan ni kámẹ́rà rí, àwọn tó tò sẹ́yìn tí iná pupa tún dá dúró, kò sẹ́ni tó kà wọ́n mọ́ ọn. Ẹ wá wò ó, bí oríta bá ṣe há tó ni nọ́ńbà á ṣe máa kéré tó, oríta tó ti dì pa á wá dà bíi pé ọkọ̀ ò pọ̀ níbẹ̀! Àwọn tiwa gbé kámẹ́rà kejì lọ sẹ́yìn, níbi tí ìlà ọkọ̀ ti máa ń parí, wọ́n ń kọ bí ìlà yẹn ṣe ń gùn àti bó ṣe ń kúrú ní ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún, ìgbà tí wọ́n wá fi àwọn tó ṣẹ́kù nínú ìlà kún àwọn tó kọjá, ọ̀rọ̀ oríta náà yí pa dà pátápátá. Ohun tí àwa tí à ń gbé ibẹ̀ ń fojú rí lójoojúmọ́ tí a ò mọ bí a ṣe máa fi nọ́ńbà sọ ọ́, wọ́n bá wa fi nọ́ńbà sọ ọ́. Ká ní ibẹ̀ yẹn nìkan ni wọ́n bá iṣẹ́ wọn dé, mi ò ní bínú.

Wọ́n tún béèrè pé kí ló dé tí Sátidé ò sí nínú ìwé náà. Ṣọ́ọ̀bù pọ̀ nínú ilé yìí, ọ̀sán Sátidé sì ni èrò sábà máa ń pọ̀ jù níbi ìtajà, tí ẹ bá wá ka ọjọ́ iṣẹ́ nìkan, ìdajì wàhálà tí ilé náà máa dá sílẹ̀ ti bọ́ mọ́ yín lọ́wọ́ nìyẹn.

Ó wá kan ọ̀rọ̀ iye ọkọ̀ tí ilé náà fúnra ẹ̀ máa kó wá. Ibi tí ọ̀pọ̀ ẹnjiníà ti máa ń mú nọ́ńbà ni ìwé ńlá tí ẹgbẹ́ àwọn ẹnjiníà ìrìnnà ní Amẹ́ríkà, ìyẹn ITE tó ti wà láti 1930, ń ṣe, wọ́n ń pè é ní Trip Generation Manual, Ìlú Ọba náà ní tiwọn tó ń jẹ́ TRICS láti 1989. Ohun tó wà nínú ẹ̀ ni pé wọ́n lọ sí oríṣiríṣi ilé tó ti wà nílẹ̀, wọ́n ka ọkọ̀ tó ń wọlé tó ń jáde, wọ́n wá pín in fún iye ilé tàbí bí ààyè ibẹ̀ ṣe tóbi tó. Fún àpẹẹrẹ, nínú ẹ̀dà kọkànlá tó jáde ní 2021, ilé kan tó dá dúró máa ń bí ìrìn ọkọ̀ 9.43 lọ́jọ́ iṣẹ́ kan, 0.70 ní wákàtí tó kún jù láàárọ̀, 0.94 ní tìrọ̀lẹ́. Tí ẹ bá kọ́ irú ilé bẹ́ẹ̀ 200, ìrìn ọkọ̀ 188 nìyẹn ní wákàtí kan ìrọ̀lẹ́, àwọn tó ń wọlé àti àwọn tó ń jáde pa pọ̀. Fúláàtì nínú ilé alájà máa ń kéré sí ìyẹn dáadáa. Kò sóhun tó burú nínú lílo ìwé yìí, ibi tí wọ́n ti kà á nìkan ló yẹ kéèyàn fojú sí, torí ọ̀pọ̀ nínú àwọn ilé tí wọ́n lò wà ní ẹ̀yìn ìlú ní Amẹ́ríkà, níbi tí gbogbo èèyàn ti ń wa ọkọ̀ tí ibi ìgbọ́kọ̀sí sì pọ̀ lọ bẹẹrẹ. Tí àdúgbò yín bá ní bọ́ọ̀sì tó dáa, nọ́ńbà yẹn á ga jù. Tí ilé náà bá sì jẹ́ irú èyí tí ọkọ̀ akẹ́rù kékeré àti àwọn tó ń gbé ọjà tí wọ́n rà lórí íntánẹ́ẹ̀tì wá ń wọ̀ ní gbogbo ìgbà, nọ́ńbà àtijọ́ lè kéré jù. Àwọn tiwa ò bá wọn jiyàn lórí ìwé rárá, wọ́n wá ilé kan tó jọ èyí tí wọ́n fẹ́ kọ́, tó ti wà nílẹ̀, tí èèyàn ti ń gbé inú ẹ̀, wọ́n lọ ka ọkọ̀ ẹnu ọ̀nà ẹ̀, wọ́n gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ńbà ìwé kí gbogbo wa jọ wò ó. Mo fẹ́ràn ìyẹn gan-an.

Ibi tó kó mi láyà sókè jù rèé o, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fara balẹ̀ ka èyí. Tí ilé bá jẹ́ alápapọ̀, ẹni tó ń gbé lókè lè fẹsẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lọ ra nǹkan ní ṣọ́ọ̀bù ìsàlẹ̀, ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì lè lọ jẹun ní ilé oúnjẹ inú ọgbà, kò ní sí ọkọ̀ kankan tó máa jáde sí títì nítorí ẹ̀. Òótọ́ ni, ohun tó sì mú kí irú ilé yìí sàn ju kí wọ́n fọ́n gbogbo ẹ̀ káàkiri nìyẹn. Àwọn ẹnjiníà máa ń yọ ìrìn inú ọgbà yìí kúrò nínú àpapọ̀, ó sì yẹ kí wọ́n yọ ọ́. Ìbéèrè tó wà níbẹ̀ ni pé èló ni kí wọ́n yọ? Ọ̀nà kan wà tí wọ́n gbé jáde ní Amẹ́ríkà ní 2011, nínú rípọ́ọ̀tù tí wọ́n ń pè ní NCHRP 684, ó pín ilé sí ọ̀nà mẹ́fà, ibùgbé, ọ́fíìsì, ìtajà, ilé oúnjẹ, sinimá àti òtẹ́ẹ̀lì, ó wá ń ṣírò tàárọ̀ lọ́tọ̀, tìrọ̀lẹ́ lọ́tọ̀. Òfin inú ẹ̀ rọrùn, ìrìn kan ní ẹ̀gbẹ́ méjì, ibi tó ti jáde àti ibi tó wọ̀, àwọn méjèèjì sì gbọ́dọ̀ bára wọn mu. Ká ní ọ́fíìsì lè rán èèyàn 40 lọ sí ilé oúnjẹ ní wákàtí kan, tó wá jẹ́ pé nínú àwọn tó ń wọ ilé oúnjẹ yẹn, 15 péré ló lè jẹ́ ará ọ́fíìsì, 15 lẹ máa lò, ẹ ò lè lo 40. Èyí tó kéré ni wọ́n ń mú.

Nínú rípọ́ọ̀tù àwọn tó fẹ́ kọ́lé, ìdá kan náà ni wọ́n mú, wọ́n fi yọ gbogbo ẹ̀ káàkiri, àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́, láì ṣe ìṣirò méjì yìí rárá. Ẹ rò ó wò, aago méje ààbọ̀ àárọ̀, ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù ò tíì ṣí, ta ló wá ń sọ̀ kalẹ̀ láti fúláàtì lọ ra kí ni? Lẹ́yìn ìyẹn wọ́n tún yọ àwọn ọkọ̀ tó kàn yà, ìyẹn ẹni tó ti ń gba títì náà kọjá tẹ́lẹ̀, tó rí ṣọ́ọ̀bù tó wá yà wọlé. Ìyẹn náà bójú mu lórí títì, torí ọkọ̀ náà ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, àmọ́ lẹ́nu géètì kò bójú mu rárá, kò kàn án bóyá ẹni náà ń lọ síbòmíì tẹ́lẹ̀, ó ti dín ìsáré kù, ó ti yà, ó ti dá ẹni tó wà lẹ́yìn ẹ̀ dúró, ó máa tún jáde pa dà. Wọ́n yọ ọ́ kúrò níbi méjèèjì. Àwọn tiwa dá a pa dà sí géètì.

Èyí tó tún wá dùn mí jù ni pé ilé yìí ò ní parí lẹ́ẹ̀kan náà. Fúláàtì ni wọ́n máa kọ́kọ́ kọ́, ọ́fíìsì lè tẹ̀ lé e, ṣọ́ọ̀bù ló máa gbẹ̀yìn. Ó túmọ̀ sí pé láàárín ọdún tí àwọn ará fúláàtì ti kó wọlé tí ṣọ́ọ̀bù ò tíì sí, kò síbi tí wọ́n máa fẹsẹ̀ rìn lọ nínú ọgbà, gbogbo wọn ló máa gbé ọkọ̀ jáde, síbẹ̀ wọ́n ti yọ ìrìn inú ọgbà fún wọn látọjọ́ kìíní. Àwọn tiwa ló rí èyí, wọ́n wá ṣe ìṣirò ìpele kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, ọdún tí wọ́n bá ṣí fúláàtì, ọdún tí gbogbo ẹ̀ bá parí, àti ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn ìyẹn. Ti ọdún mẹ́wàá yẹn náà ṣe pàtàkì, torí títì ò ní dúró bó ṣe wà, tí ọkọ̀ bá ń fi ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún lé sí i lọ́dọọdún, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá 22 lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá, ká má tíì sọ àwọn ilé mìíràn tí wọ́n ti fọwọ́ sí lágbègbè kan náà tí wọn ò tíì kọ́. Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó, ìdí tí wọ́n ṣe ń ṣe ìwádìí ṣáájú kíkọ́ ilé náà nìyẹn.

Ti oríta, wọ́n máa ń wo bí ọkọ̀ ṣe ń dúró pẹ́ tó níbẹ̀, wọ́n á fún un ní lẹ́tà láti A tó dáa jù dé F tó burú jù. Ibi tí ìyẹn ti wá ni ìwé àwọn ẹnjiníà tí wọ́n ń pè ní Highway Capacity Manual, tó ti wà láti 1950. Ní oríta tó ní iná, tí ọkọ̀ kan bá pẹ́ tó ìṣẹ́jú àáyá 10 tàbí kó dín, A nìyẹn, títí dé 20 jẹ́ B, títí dé 35 jẹ́ C, 55 jẹ́ D, 80 jẹ́ E, ohun tó bá ju 80 lọ ti di F. Oríta tí kò níná, F ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn 50. Rípọ́ọ̀tù àwọn tó fẹ́ kọ́lé sọ pé oríta wa jẹ́ D, lẹ́yìn tí wọ́n bá kọ́lé tán á ṣì jẹ́ D, nítorí náà kò sí ìyàtọ̀. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó, láti 36 dé 55, D ni gbogbo ẹ̀! Èèyàn lè fi ìṣẹ́jú àáyá 18 kún ìdúró gbogbo ọkọ̀ kí lẹ́tà má sì yí pa dà. Ìkejì ni pé gbogbo ọ̀nà tó wọ oríta yẹn ni wọ́n kó pọ̀ tí wọ́n mú ìwọ̀n àárín ẹ̀, ọ̀nà ńlá tí ọkọ̀ pọ̀ lórí ẹ̀ tó sì ń lọ dáadáa á bo àwọn tó fẹ́ yà láti ọ̀nà kékeré mọ́lẹ̀, àwọn yẹn lè ti wà ní F tipẹ́. Àwọn tiwa to ọ̀nà kọ̀ọ̀kan àti ibi kọ̀ọ̀kan tí ọkọ̀ ti ń yà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, wọ́n kọ ìṣẹ́jú àáyá gan-an sí i dípò lẹ́tà.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà níbẹ̀ tí wọ́n ṣàlàyé tó yé mi yékéyéké. Àwọn tó fẹ́ kọ́lé ń tẹnu mọ́ ọn pé ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún péré ni wọ́n máa fi kún títì. Ká ní ọ̀nà kan lè gba ọkọ̀ 1,000 ní wákàtí kan. Tó bá jẹ́ 700 ló ń gbà á báyìí, tí wọ́n fi 50 kún un, ìdá méje nìyẹn, ẹnikẹ́ni ò ní mọ̀. Tó bá jẹ́ 960 ló ń gbà á, 50 kan náà ò ju nǹkan bí ìdá márùn-ún lọ, ṣùgbọ́n ó ti di 1,010, ó ti ju ohun tí ọ̀nà lè gbà, ìlà á máa gùn títí wákàtí yẹn á fi parí, àwọn tó ṣẹ́kù á wọ inú wákàtí tó tẹ̀ lé e. Ìdá tí wọ́n fi kún un kéré níbi tí ìyà ẹ̀ ti pọ̀ jù. Látọjọ́ tí mo ti gbọ́ èyí, tí ẹnikẹ́ni bá sọ ìdá nínú ọgọ́rùn-ún fún mi lórí ọ̀rọ̀ ọkọ̀, màá kọ́kọ́ béèrè pé báwo ni ọ̀nà náà ṣe kún tó tẹ́lẹ̀.

Géètì náà fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ohun tí gbogbo èèyàn gbójú fò. Wọ́n fẹ́ fi ọ̀pá tó máa ń lọ sókè sódò sẹ́nu ọ̀nà, kí ẹni tó bá ń wọlé fi káàdì kàn án. Tí ọkọ̀ kan bá lo ìṣẹ́jú àáyá 12 níbẹ̀, ọkọ̀ 300 ni géètì kan lè gbà ní wákàtí kan. Tí 360 bá wá, 60 ló máa ṣẹ́kù síta nígbà tí wákàtí bá fi máa pé, tí ẹ bá sì fún ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan ní mítà 7, mítà 420 nìyẹn lórí títì gbogbo ayé. Àpẹẹrẹ tí wọ́n fi ṣàlàyé fún wa ni, nọ́ńbà ilé yẹn gan-an yàtọ̀, àmọ́ ó jẹ́ kí gbogbo mítìn dákẹ́. Ohun tí wọ́n ní kí wọ́n ṣe ò le rárá, kí wọ́n sún géètì wọ inú ọgbà kí ìlà rí ibi tò sí, kí wọ́n sì ṣe é ní méjì.

Ẹnu ọ̀nà yẹn kan náà tún kọjú sí oríta oníta-mẹ́ta tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Tí wọ́n bá ṣí i síbẹ̀ ó di orítamẹ́rin nìyẹn. Ibi tí ọ̀nà ọkọ̀ ti lè kọlu ara wọn ní oríta oníta-mẹ́ta jẹ́ 9, ní orítamẹ́rin ó jẹ́ 32. Ìdí nìyẹn tí àwọn kan fi máa ń fẹ́ oríta olóbìírípo, torí tiẹ̀ ò ju 8 lọ tó bá jẹ́ léènì kan. Rípọ́ọ̀tù àkọ́kọ́ ò sọ ohunkóhun nípa èyí, ìdúró ọkọ̀ nìkan ló ń sọ ṣáá, bí ẹni pé ohun tí títì wà fún ò ju kí ọkọ̀ má dúró lọ. Àwọn tó ń fẹsẹ̀ rìn náà nìyẹn. Ọ̀kan nínú àtúnṣe tí wọ́n dábàá ni léènì ọ̀tọ̀ fún àwọn tó fẹ́ yà, ó dáa fún ọkọ̀, àmọ́ ó fi nǹkan bíi mítà 3.5 kún ibi tí èèyàn máa sọdá, tí wọ́n bá ní ẹlẹ́sẹ̀ ń rin mítà 1.2 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta tí ó máa fi wà lójú ọ̀nà sí i. Àgbàlagbà àti ẹni tó gbé ọmọ dání ò tiẹ̀ lè rìn tó bẹ́ẹ̀. Àwọn tiwa ní tí wọ́n bá fẹ́ fi léènì yẹn sí i, kí wọ́n fi ibi ìdúró sáàárín títì, kí iná ẹlẹ́sẹ̀ sì pẹ́ sí i. Inú mi dùn sí ìyẹn púpọ̀ torí a ò tiẹ̀ bẹ̀ wọ́n.

Ó wá ku ohun tí kò dáa. Àkọ́kọ́, bí wọ́n ṣe kọ rípọ́ọ̀tù tiwọn náà, ó le jù. Gbogbo ohun tí mo ṣàlàyé sókè yìí, ẹnu ni wọ́n fi sọ ọ́ fún wa ní mítìn, nínú ìwé ó kan wà nínú tábìlì pẹ̀lú ìkékúrú orúkọ tí wọn ò túmọ̀. Àdúgbò ló sanwó, ó yẹ kí ará àdúgbò lè kà á. Ìgbà tí a ní kí wọ́n kọ ojú ewé méjì tó rọrùn fún wa, wọ́n ní owó ẹ̀ yàtọ̀, ìyẹn bí mi nínú gan-an ni. Ìkejì, kíka ọkọ̀ lọ́jọ́ Sátidé tí àwọn fúnra wọn sọ pé ó pọn dandan, kò sí nínú iye tí wọ́n kọ́kọ́ dá lé wa, ẹni tó mọ̀ pé ṣọ́ọ̀bù wà nínú ilé yẹn yẹ kó ti fi í sí i látìbẹ̀rẹ̀. Ìkẹta, wọn ò fi bẹ́ẹ̀ fọwọ́ kan ọ̀rọ̀ àkókò ìkọ́lé. Ilé tó tó báyìí lè gba ọdún bíi mélòó kan, tírélà tó ń gbé yẹ̀pẹ̀ jáde, èyí tó ń gbé irin wọlé, ọkọ̀ tó ń po kọnkéré, gbogbo wọn ló máa gba títì kan náà tí àwọn ọmọ iléèwé ń gbà, ìpínrọ̀ kan péré ni wọ́n sọ lórí ẹ̀. Wọ́n tún pẹ́ kí wọ́n tó mú iṣẹ́ wá, ó ku díẹ̀ kí ọjọ́ tí wọ́n máa gba ọ̀rọ̀ wa sílẹ̀ kọjá.

Lọ́jọ́ tí wọ́n sọ̀rọ̀ níwájú àwọn aláṣẹ ṣá, wọ́n gbìyànjú. Wọ́n fi sùúrù sọ̀rọ̀, wọn ò bú ẹnjiníà kejì, ibi tí ìwé ìyẹn ti dára wọ́n sọ pé ó dára. Ẹnì kan dìde pé kí wọ́n kúkú fẹ títì sí i kí gbogbo ẹ̀ tán. Bí wọ́n ṣe dá a lóhùn wú mi lórí, wọ́n ní àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé méjì, Gilles Duranton àti Matthew Turner, ti gbé iṣẹ́ jáde ní 2011 lórí àwọn ìlú ńlá Amẹ́ríkà, pé bí ọ̀nà bá ṣe ń pọ̀ sí i ni ìrìn ọkọ̀ náà ń pọ̀ sí i, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìwọ̀n kan náà, ààyè tí wọ́n bá fi kún un ń fa ọkọ̀ mìíràn wá ni. Wọ́n tún sọ pé ní California, láti oṣù keje 2020, wọn ò fi ìdúró ọkọ̀ ní oríta díwọ̀n ìpalára ilé tuntun lábẹ́ òfin àyíká wọn mọ́, gbogbo kìlómítà tí ilé náà máa mú káwọn èèyàn wà ni wọ́n ń wò. Mo gbà pé ìyẹn lè wúlò fún ìlú lápapọ̀, àmọ́ tèmi ni pé kí wọ́n wo méjèèjì, torí ẹni tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ oríta kan, oríta yẹn náà ló máa bá wọ ilé.

Ohun tí wọ́n dábàá níkẹyìn, kò sí nínú ẹ̀ pé kí wọ́n má kọ́lé. Wọ́n ní kí wọ́n sún géètì sẹ́yìn, kí wọ́n ṣí ẹnu ọ̀nà kejì sí òpópónà ẹ̀yìn, kí wọ́n kọ́ ṣọ́ọ̀bù mélòó kan pọ̀ mọ́ fúláàtì àkọ́kọ́ kí ìrìn inú ọgbà lè wà lóòótọ́, kí wọ́n dín ibi ìgbọ́kọ̀sí kù kí wọ́n fi ibi ìdúró bọ́ọ̀sì tó dáa sẹ́nu ọ̀nà, kí wọ́n sì tún iná oríta tò. Àwọn kan nínú wa fẹ́ kí wọ́n sọ pé rárá, wọ́n bínú sí wọn lórí ìyẹn. Mi ò sí lára wọn. Ilé tí èèyàn ti lè gbé, ṣiṣẹ́, kó sì ra nǹkan lójú kan dáa, tí ìṣirò ẹ̀ bá ti jẹ́ òótọ́.

Èyí tó wù mí jù nínú àbá wọn ni pé kí wọ́n lọ ka ọkọ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i lẹ́yìn tí ìpele àkọ́kọ́ bá ti kún, kí wọ́n fi wé nọ́ńbà tí àwọn tó fẹ́ kọ́lé kọ sínú ìwé, tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ kí ìpele kejì dúró títí wọ́n á fi ṣe àtúnṣe. Àwọn tó fẹ́ kọ́lé ò kọ̀ ọ́, wọ́n kàn ń jiyàn lórí iye tó máa jẹ́ òpin.

Tí ẹ bá fẹ́ pe irú àwọn èèyàn yìí, ẹ jẹ́ kó wà nínú àdéhùn látìbẹ̀rẹ̀ pé wọ́n máa ka ọkọ̀ lọ́jọ́ iṣẹ́ àti Sátidé, pé wọ́n máa díwọ̀n ìlà ọkọ̀ títí dé ẹ̀yìn ẹ̀, pé wọ́n máa kọ ojú ewé díẹ̀ tí gbogbo èèyàn lè kà, pé ọ̀rọ̀ àkókò ìkọ́lé máa wà níbẹ̀, kí ọjọ́ tí wọ́n máa mú un wá sì ṣáájú ọjọ́ tí àwọn aláṣẹ dá dáadáa. Ẹ tún ní kí wọ́n fún yín ní fáìlì ìṣirò fúnra ẹ̀, kì í ṣe ìwé tí wọ́n tẹ̀ jáde nìkan, torí àwọn tó fẹ́ kọ́lé lè yí àwòrán ilé wọn pa dà lẹ́yìn oṣù díẹ̀, tí fáìlì bá wà lọ́wọ́ yín, ẹnjiníà míì lè ṣí i kó yí nọ́ńbà fúláàtì tàbí ṣọ́ọ̀bù, kó sì gba èsì tuntun láì bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Àwọn tiwa fún wa ní tiwa lọ́jọ́ tí a béèrè, wọn ò gba kọ́bọ̀ lé e.